Èdè Òyìnbó Nìkan Ló Kù Lẹ́nu Ọmọ Mi

Mo ti dàgbà kí n tó di àjòjì. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó kúrò nílé, ìgbà èwe ni wọ́n lọ, nígbà tí orúnkún ṣì ń gbọ́ràn, tí ahọ́n sì lè kọ́ èdè mìíràn. Èmi ti fi ìkòkò mímọ sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó agboolé. Ibi tí ìbòòji bá wà ni mò ń jókòó sí, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá mi níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kó ẹrù mi kúrò ní Ìlọrin wá sí Minna. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí mo ṣe rìn ín. Ọkọ̀ ló gbé mi. Ohun tó lé mi wọ ọkọ̀ ni kí ẹ bi mí.

Ọmọ mi ló ṣubú. Rìsìkátù, àkọ́bí mi, obìnrin tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní èdè òyìnbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń múra ibi iṣẹ́, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dìde, apá ọ̀tún ti rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu náà. Ọkọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mama, ẹ máa bọ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí.

Orí ibùsùn ni mo bá a, nínú ilé tí wọ́n háyà ní Kpakungu, àdúgbò kan ní Minna. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là. Ó fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀, ó ń wọ́ bọ̀ létí ibùsùn bí ẹni fẹ́ já bọ́. Mo sáré gbá a mú. Mo ní, "Rárá o, Àṣàbí. Dùbúlẹ̀. Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ọlọ́run ti gbà á." Mo to ìrọ̀rí dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo rò pé omijé ayọ̀ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Minna kì í ṣe oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ìkíni ni. Ní Ìlọrin, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, mo ti dá èèyàn bíi mélòó kan lóhùn, mo ti bi wọ́n léèrè ọmọ, mo ti bi wọ́n léèrè ọkọ. Ní Kpakungu, wọ́n ń kí mi o, ṣùgbọ́n Háúsá ni wọ́n fi ń kí mi, èmi a sì dúró bí òpó. Ẹni tí wọ́n kí tí kò lè jẹ́, kí ló fi sàn ju ògiri lọ? Kódà Hálímà, ọmọ Rìsìkátù, tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, Kaka ló ń pè mí, bí àwọn Háúsá ṣe ń pe ìyá àgbà. Tí mo bá bá a sọ Yorùbá, á fi Háúsá dá mi lóhùn, á wá tún un sọ ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu ẹ̀kọ fún ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kan mo wọ kẹ̀kẹ́ láti ọjà. Awakọ̀ ní, "Kaka, ina za ki?" Ibi tí mò ń lọ ló ń béèrè, ṣùgbọ́n mo rò pé àlàáfíà mi ni. Mo ní, "Lafiya lau." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ. Ó tún bi mí. Mo tún ní, "Lafiya lau, ọmọ mi, kú iṣẹ́ o." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bára wa ṣe àlàáfíà títí a fi dé odò Chanchaga lẹ́yìn ìlú. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀ tó káwọ́ lérí. Obìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá ló gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ ara wa. Tí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, ìborùn ni mo fi bojú lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí mo sunkún délé. Èmi tí mo wá ṣètọ́jú ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi kò lè sọ ibi tí mò ń lọ.

Láàárọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu Rìsìkátù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé ṣé ó sùn dáadáa. Ó ti ń wọ́ bọ̀ létí ibùsùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, èmi náà sì ń rọra tì í padà. Lójijì ó ní, "Thirst."

Hálímà fò sókè. "Mama ta yi magana! Kaka, Màmá sọ̀rọ̀!"

"Kí ló sọ? Ẹ gbà mí, kí ló sọ?"

Bàbá Hálímà sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lójú. "Òùngbẹ ni, Mama. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Mo bu omi. Ó pa ẹnu dé. Mo bu omi tútù. Ó yí orí kúrò. Ó wò mí, ó tún gbé ara, ó tún ní, "Thirst," omijé sì ń bọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, òyìnbó ni gbogbo wọn. Lónìí "long", lọ́la "eager", lọ́túnla "crave". Kò sí Yorùbá kankan láàárín wọn. Kò pe ọkọ rẹ̀, kò pe ọmọ rẹ̀, kò pè mí. Dókítà ní òun ti ń rí irú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ dà bí aṣọ inú àpótí. Àpótí ti ọmọ mi ti dà rú, èyí tó bá wà lókè ni ọwọ́ rẹ̀ ń bà. Ó ní kí á má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ó mọ ohun tó ń sọ, tàbí ẹni tó ń sọ ọ́ fún.

Kí á má gbẹ́kẹ̀ lé e. Gbólóhùn yẹn ń bá mi sùn, ó ń bá mi jí. Èmi ò bẹ Ọlọ́run pé kó rìn mọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó padà síbi iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ mọ̀: ṣé ọmọ mi mọ̀ pé èmi ni mo wà níbẹ̀?

Ìyá Démi ló jẹ́ kí n mọ ìdí tó fi jẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló wà lókè àpótí. Ọmọ Ọ̀fà ni, onígbàgbọ́, ọ́fíìsì kan náà lòun àti Rìsìkátù jọ ń lò. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá, pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Ó ní kí Rìsìkátù tó ṣubú, ohun tó ń múra láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò bí nǹkan bá ń wu èèyàn gidigidi. Ohun tí wọ́n túmọ̀ sí, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣẹ̀ wá.

"Mama, ó sọ wọ́n sí mi létí títí èmi náà fi mọ̀ wọ́n sórí. Mo máa ń ní, 'Rìsì, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun.'"

Mo ní, "Jókòó. Èwo ni 'eager'?"

"Kí èèyàn máa hára gàgà ni, mà."

"Ibo ló ti ṣẹ̀ wá?"

"Láyé àtijọ́, ohun tó mú, ohun tó kan, tó ń ta èèyàn lẹ́nu, ni wọ́n ń fi pè. Fínígà tí wọ́n ń dà sí sàláàdì, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló wà nídìí orúkọ rẹ̀."

Mi ò gbọ́ ju kíkan lọ. Lọ́jọ́ kejì mo ra tsamiya, èso kíkan tí àwọn ará Minna fi ń se kunu. Mo sè é, mo jẹ́ kó kan dé góńgó, mo bù ú sí ọmọ mi lẹ́nu. Ó tu gbogbo rẹ̀ sí mi láyà. Hálímà bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìdajì ẹnu Rìsìkátù ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn látìgbà tí mo ti dé. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kunu lára aṣọ, mo ń dúpẹ́.

Ìyá Démi gbọ́, ó ké. "Mama! Mi ò ní kí ẹ lọ sè é o!"

"Kí lo wá ń sọ ọ́ fún ẹni tó ní ìkòkò fún?"

Àmọ́ mi ò dẹ́kun bíbi í. Bí mo ṣe ṣiṣẹ́ jẹun nìyẹn. Tí ìkòkò bá ń là nínú iná, o ò ní bá iná jà, wàá padà lọ wo ibi tí o ti wa amọ̀. Mo rò pé tí mo bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, màá mọ ibi tí ọmọ mi wà.

Ó sọ ti "long" fún mi. Ó ní kí ojú èèyàn máa wọ́nà fún ohun tó jìnnà ni, àti pé nígbà tí èdè wọn ṣì wà léwe, wọn kì í sọ pé àwọn ń ṣe é. Wọ́n á ní ó gùn mọ́ àwọn lára, bí ìgbà tí ọjọ́ ò tán mọ́. Mo ní kí ló yà á lẹ́nu níbẹ̀? Àwa náà, àárò ló ń sọ wá, àwa kọ́ là ń sọ àárò. Ebi ló ń pa wá. Nǹkan ọ̀hún ló ń wá bá èèyàn níbi tó jókòó jẹ́ẹ́ sí. Ó sọ ti "want": ó ní àìní ni, kí nǹkan má sí níbi tó yẹ kó wà. Ó sọ ti "pine", kí èèyàn máa gbẹ lọ nítorí ohun tí ọkàn rẹ̀ fà sí. Ó ní inú ìyà ló ti wá, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀daràn.

Mo ní, "Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti dé Minna rí."

Ẹ̀rín pa á. Èmi ò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Tí Hálímà àti bàbá rẹ̀ bá ti jáde, tí Rìsìkátù bá sùn, mo máa ń pe àbúrò mi, Ìyá Gàníyù, ní Ìlọrin. Kì í kí mi tán kó tó béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti pè yín?"

"Rárá."

"Ṣé ó mọ̀ yín ṣá?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló ń fẹ́, tó ń wọ́ ara nílẹ̀ láràárọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Gàníyù, tí mo bá mọ̀, ṣé màá máa jẹ owó fóònù?"

Á wá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ bí ohùn mi ṣe gbọ̀n. Á ní ewúrẹ́ mi ti bí ìbejì, òun sì ti fi orúkọ mi pe ọ̀kan. Á ní kí n sọ Háúsá fún òun, kí òun gbọ́. Èmi a ní "Sannu, sannu," á sì rẹ́rìn-ín títí. Tí fóònù bá ti kú, ilé á dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí.

Mi ò lè jókòó lásán. Mo ní kí wọ́n wá agbada máásà, àkàrà ìrẹsì, fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín in níwájú ilé lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Máásà tí a ń jẹ ní Ìlọrin làwọn náà ń jẹ, ọwọ́ mi ò sì ṣàjèjì sí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Háúsá, lẹ́nu àwọn tí ebi ń pa. Ọjọ́ tí baálé ilé kejì wa jẹ tèmi tán, tó ní "Kai! Kaka, wallahi, wọ́n bí yín síbí ni," inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ. Mo wọlé lọ sọ ọ́ fún Rìsìkátù. Ó wò mí. Ó ní, "Long."

Òjò ọdún náà ti ń lọ sópin nígbà tí Bàbá Hálímà wá bá mi nídìí agbada. Ọmọ dáadáa ni, ará Ìlọrin bíi tiwa, tí wọ́n bí sí Limawa ní Minna níbí. Kò jókòó. Ó dúró, ó ń wo iná.

"Mama, ẹ má bínú. Tí òjò bá dáwọ́, mo rò pé kí Hálímà lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kàdúná. Kí ẹ̀yin náà mú Ìyá Hálímà lọ sílé. Ibẹ̀, ẹ máa rí èèyàn ràn yín lọ́wọ́."

"O ti lé e nílé nìyẹn?"

"Mama, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo máa ń wò ó lójú. Mi ò mọ̀ bóyá òun náà ń wò mí. Láàárọ̀ àná, tí kì í bá ṣe pé ẹ dì í mú, ì bá ti fi orí gúnlẹ̀. Kí ló ń sá lọ? Ta ló ń sá fún?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó gbé pákó kan wá, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ó má bàa já bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọlé, mo kí Rìsìkátù, ó gbé ara bó ṣe máa ń ṣe, ó sì kan pákó. Ó tún gbé e, ó tún kàn án. Ohùn tó jáde, ibi tí mi ò mọ̀ ló ti jáde. "Crave. Crave. Crave."

Sátidé ni. Nígbà tí Ìyá Démi dé, mi ò dúró kó gbé ọsàn kalẹ̀. "Kí ni 'crave'?"

"Kí nǹkan máa wu èèyàn débi tí kò lè fi mú un mọ́ra."

"Àti níbẹ̀rẹ̀?"

Ó ronú. "Níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ o, Mama. Kí èèyàn béèrè ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ní gbangba, níwájú adájọ́. Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi dù ú."

Kí la fi ń du ọmọ mi? Ó ń jẹun. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń pa á láṣọ dà, mò ń kó o nírun. Ọkọ rẹ̀ kì í sùn síta. Ọmọ rẹ̀ ń ka Kùránì fún un. Mo ro ó títí orí fi ń fọ́ mi. Ìgbà náà ni mo rí i pé agbára ń tán lára mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ pé ọmọ mi kò sí nínú ara yẹn mọ́, kó jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè sọkún rẹ̀ tán, kí n kó ẹrù.

Zàínábù ló la ojú mi, kò sì mọ̀ pé òun ló là á. Ìyàwó ilé kejì wa ni, ọmọ Núpé, oyún rẹ̀ ti tó bí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ó wá ra máásà. Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ina kwana, Kaka?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo na ọwọ́ sí i kíákíá. "A'a, dìde, dìde. Má bẹ̀rẹ̀. Oyún wúwo. Dúró kí mi."

Kò dìde. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi Háúsá sọ ọ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀: "Kaka, kí ni mo ṣe yín? Ṣé ẹ ò gba ìkíni mi ni?"

"Mo gbà á. Oyún rẹ ni mò ń rò."

"Oyún ò ní kí n má ní ẹ̀kọ́ ilé. Ewúrẹ́ ló ń dúró wo àgbà lójú. Tí mi ò bá bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì kí yín nìyẹn." Ó sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti wú, títí mo fi dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ìgbà náà ló tó dìde.

Mo gbé síbí mi dání, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́.

Àràárọ̀. Nígbà tí mo bá kọ́kọ́ wọlé. Kì í ṣe sí dókítà, kì í ṣe sí ọkọ rẹ̀, kì í ṣe sí Ìyá Démi. Èmi nìkan ló ń gbé ara sí. Èmi a sì tètè kí i kó tó rójú, èmi a tì í padà, èmi a ní Ọlọ́run ti gbà á. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, tó di olùkọ́ àwọn àgbà tán tí kò tíì dúró kí mi rí.

"Kaka, máásà ń jóná!"

"Jẹ́ kó jóná."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun tán, mo pe Bàbá Hálímà. Mo ní kó tú pákó. Ó ní, "Mama, á já bọ́." Mo ní kó tú u. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo gbé àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀, mo jókòó bí ìyá ṣe ń jókòó nílé ara rẹ̀. Mo fi aṣọ bo orúnkún mi. Mi ò sì sọ̀rọ̀. Òun ló le jù, kí n wo ọmọ mi kí n má kí i.

Rìsìkátù wò mí. Ó gbé ara.

Mo ní, "Gbà á, rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Má gbé e dìde o. Orí ìkúnlẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ gbá a láyà mú, Hálímà di ẹsẹ̀ tó rọ mú, wọ́n tò ó sórí ẹní. Orúnkún òsì kan ilẹ̀, orúnkún ọ̀tún kan ilẹ̀. Ó wọ́, orí rẹ̀ wá bà lé mi lórí itan. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ń dúró.

Ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan. Ó pẹ́. Ohùn náà wá jáde, ó wúwo, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹnu náà:

"Ẹ káàárọ̀... ìyá mi. Ṣé... dáadáa lẹ jí?"

Mo gbọ́ tí Bàbá Hálímà ń sunkún, mi ò wò ó. Ìkíni kan wà níwájú mi tí mi ò tíì jẹ́.

Mo ní, "Káàárọ̀, Àṣàbí. Dáadáa ni mo jí. Ṣé ìwọ náà sùn dáadáa? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ rẹ ńkọ́?" Mo kí i tán pátá, mi ò fo ọ̀kan.

Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti padà sí "long" àti "thirst". Mi ò tàn yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà títí dòní. Yorùbá kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, ìgbà kan ṣoṣo lóòjọ́ ló sì ń rí i sọ, lórí orúnkún. Òjò ti dáwọ́. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Kàdúná mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a tú pákó, mo pe Ìyá Gàníyù. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti mọ ohun tó ń fẹ́?"

Mo ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Kí ló ń fẹ́?"

Mo kọ́kọ́ fi ìborùn nu ojú mi. Ó ń ké "hẹ́lóò, hẹ́lóò", ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Mo ní, "Ó fẹ́ kí mi ni."